Ṣé Finale ti Windows lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Linux?

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní Adó-Èkìtì, ẹ béèrè bóyá Finale tí ẹ fi ń kọ orin ìjọ lórí Windows yóò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux dípò Windows. Ó ṣeé gbìyànjú pẹ̀lú ètò kan tí wọ́n ń pè ní Wine, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, tí ó máa ń túmọ̀ ohun tí ètò Windows bá béèrè sí èyí tí Linux yóò gbọ́, láìjẹ́ pé ẹ ra Windows rárá. Bí orin bá hàn ṣùgbọ́n tí kò dún, ẹ kọ́kọ́ ṣí FluidSynth, ètò tí ó ń mú orin dún, ẹ fún un ní soundfont (fáìlì tí ohùn àwọn ohun èlò orin wà nínú rẹ̀), kí ẹ tó ṣí Finale nínú Wine, nítorí MIDI tí Finale ń fi ránṣẹ́ jẹ́ àṣẹ nípa ohun tí yóò dún, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohùn.

Ní tèmi, n kò ní fi àkókò púpọ̀ ṣòfò lórí rẹ̀, pàápàá nígbà tí MakeMusic, ilé-iṣẹ́ tó ni Finale, ti kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 pé àwọn kò ní tún Finale ṣe mọ́. MuseScore, ètò mìíràn fún kíkọ orin, ń ṣiṣẹ́ lórí Linux tààrà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó lè má ṣí fáìlì Finale bẹ́ẹ̀, nítorí náà, nígbà tí Windows yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi gbogbo orin náà pamọ́ ní MusicXML, irú fáìlì orin tí MuseScore lè ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ orin Yorùbá wò dáadáa, torí àmì ohùn lè sọnù bí fọ́ńtì bá yí padà.