Kí ló ń mú kí àwọn kókó (node) inú àwòrán ìsopọ̀ tí a fi D3, àkójọ kóòdù JavaScript fún yíya àwòrán dátà, ṣe máa sún fúnra wọn, báwo ni a sì ṣe lè dá ọ̀kan dúró?

Wọ́n ń sún nítorí pé forceSimulation ń ṣírò ipò wọn léraléra: forceManyBody ń tì wọ́n jìnnà síra, forceLink sì ń fa àwọn tí ìlà so pọ̀ mọ́ra, títí alpha, nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára ìsún náà ṣe kù tó, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, yóò fi wálẹ̀ kọjá 0.001. Láti dá kókó kan dúró síbi tí òǹlò fà á sí, fi ipò rẹ̀ sínú fx àti fy, àwọn ààyè lára kókó náà tó ń di ipò rẹ̀ mú. Fífi null (àìsí iye) sínú wọn ló ń tú u sílẹ̀. Nígbà tí fífà bá bẹ̀rẹ̀, ó ṣe pàtàkì gan-an láti fi alphaTarget(0.3), tó ń mú kí alpha máa lọ sí 0.3, àti restart, tó ń tún un bẹ̀rẹ̀, jí ìṣírò náà, nítorí bí ó bá ti dúró, kókó tí ọwọ́ ń fà pàápàá kò ní mira.