Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Yíyọ Ilé Abẹ Lábẹ́ Katakata Kékeré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Katakata kékeré kan la fi ń gé koríko pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Abẹ́ ikùn rẹ̀ ni ilé abẹ wà, oní-ínṣì 60, abẹ mẹ́ta. A fẹ́ yọ ọ́ ká lè fi katakata kó ìgbẹ́ adìyẹ lọ sóko, àmọ́ píìnì ẹ̀yìn kọ̀, kò jáde. Ọmọ iṣẹ́ ti fi òòlù lù ú títí orí rẹ̀ fi fẹ̀. Kí ni ká ṣe?
(Olùtọ́jú pápá, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Píìnì tí kò bá jáde, ẹrù ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Irú ilé abẹ yín máa ń ju kílò 100 lọ. Bó bá ṣì ń fì lára apá tó gbé e, gbogbo ìwúwo yẹn ló tẹ píìnì mọ́ ihò. Ẹ mú ẹrù yẹn kúrò, ìka méjì á fà á yọ.

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ gbé katakata sí. Ojú simẹ́ńtì, irú èyí tí wọ́n ń sá láfún sí, dáa ju ilẹ̀ yangí lọ, torí ẹ ó tún nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dá a padà. Ẹ pa PTO, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sára abẹ. Ẹ fa búrèkì. Ẹ yí táyà iwájú dé òpin, kó lè fàyè sílẹ̀ níbi tí ilé abẹ máa gbà jáde. Ẹ wo àwo onínọ́ńbà tó ń pinnu bí koríko ṣe máa ga tó, ẹ yí i sísàlẹ̀ pátápátá. Bó bá wà lókè, apá náà kò ní sọ̀kalẹ̀ tán. Ẹ wá rọ ilé abẹ sílẹ̀. Bí táyà kéékèèké rẹ̀ kò bá gbé e dọ́gba, ẹ ki pákó sábẹ́ etí rẹ̀.

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ti ọwọ́ ìgbésókè sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: ọ́ìlì tó há sínú rẹ̀ lè ṣì gbé apá náà dání lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti kú.

Ọ̀pá PTO ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Òrùka kan wà lórí rẹ̀ níhà katakata. Ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ dì í mú, kí ẹ sì fa ọ̀pá náà kúrò lórí eyín tó wọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni píìnì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ wọ́ ilé abẹ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má kọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi okùn so àwọn apá tó ṣẹ́kù sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebè á kọ́ wọn lóko.

Ní ti píìnì tí orí rẹ̀ ti fẹ̀, ẹ fi ayùn irin ha á kó lè gba ihò kọjá, lẹ́yìn náà kí ẹ ra òmíràn tó bá a dọ́gba. Irin ìkọ́lé kì í ṣe píìnì o.

ÌBÉÈRÈ: Látìgbà tí a ti dá ilé abẹ padà ló ti ń gbọ̀n, ó sì ń gé koríko ní àgékù, ọ̀tún kúrú, òsì ga.
(Òǹkàwé kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Àrùn méjì nìyẹn. Ti gbígbọ̀n, ẹ wo ọ̀pá PTO. Bó bá jẹ́ oníméjì tó wọnú ara wọn, tí ẹ sì ti fà á já, fọ́ọ̀kì tó wà ní ìdí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bí ọ̀kan bá wà lóòró tí èkejì wà níbùú, kò ní yí dọ́gba láé. Ẹ fi gíríìsì pa eyín rẹ̀, ẹ tì í wọlé títí òrùka á fi ró “kọ́”, kí ẹ sì fà á wò. Bó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ yọ abẹ, ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ ló wúwo jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pọ́n ọn sí i.

Ti àgékù, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ná. Bó bá pé, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, kí ẹ yí abẹ òpin méjèèjì kí wọ́n kọjú sí ọ̀tún àti òsì, kí ẹ wọn ẹnu abẹ sí simẹ́ńtì. Ẹ má wọn etí páànù, yangí lè ti tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ ọ̀tún sí òsì kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Ní ti iwájú sí ẹ̀yìn, kí ẹnu abẹ tó wà níwájú fi nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 6 relẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, àyàfi tí ìwé katakata yín bá sọ nǹkan mìíràn. Bí ẹ̀yìn bá relẹ̀ jù, abẹ á máa tún koríko tó ti gé gé, ẹ́ńjìnì á sì máa mí hẹlẹ.