Ta ni Ṣadé Thomas-Fahm? Ṣé òótọ́ ni pé òun ló kọ́kọ́ ránṣọ ní Nàìjíríà?

Rárá o, àwọn télọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí i. Ohun táwọn èèyàn ń pè é ni fashion designer ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí sì yàtọ̀.

Ọdún 1933 ni wọ́n bí i. Lọ́dún 1953, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ aṣọ tó rí lójú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ yí i lọ́kàn padà. Ló bá wọ Saint Martins, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ọdún 1960, ọdún òmìnira gan-an, ló padà sílé, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tó wá di Shade's Boutique l'Ékòó.

Nígbà yẹn, gáùn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ọ̀làjú gbà pé ó bóde mu. Òun ní aṣọ òkè, àdìrẹ àti akwete, ìyẹn aṣọ híhun àwọn Ígbò, lòun máa fi rán tòun. Gèlè rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù: ó ṣe èyí tí wọ́n ti wé sílẹ̀, téèyàn kàn máa dé bíi fìlà. Auto-gèlè tẹ́ ẹ̀ ń rà lónìí, ẹ má rò pé àná ló bẹ̀rẹ̀! Ó fi síìpù sí ìró, ó di ohun tí wọ́n kàn ń wọ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì. Agbádá ọkùnrin pẹ̀lú, ó sọ ọ́ di aṣọ obìnrin.

Lọ́dún 2022, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi ìpàtẹ Africa Fashion ní Victoria and Albert Museum, Lọ́ńdọ̀nù.