Ẹ Má Tẹ̀lé Orúkọ Ìdílé, Ẹ Tẹ̀lé Àwọn Ẹlẹ́rìí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mo ń gbé, ará Amẹ́ríkà sì ni ọkọ mi. Mo ti kọ ìtàn ìdílé tèmi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ó wá ku ti bàbá wọn. Ìyá ọkọ mi ní ìwé kan tó sọ pé ará Họ́lándì ni ìran wọn, àti pé bàbá ńlá wọn kan gbé ní Kingston, ní ìpínlẹ̀ New York, kó tó di ọdún 1700. Jan Pietersen ni ìwé náà pè é, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ Pietersen. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí Jan Pietersen bíi mẹ́fà, ẹnì kan sì ti so tiwa mọ́ ìdílé ọlọ́lá kan ní Amsterdam. Ṣé ìwé ìjọ lè sọ àwọn tó bí i fún wa? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ìwé ìjọ lè sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àmọ́ tó bá jẹ́ orúkọ "Jan Pietersen" nìkan lẹ ń wá kiri, mẹ́fà tí ẹ rí yẹn á di méjìlá.

Ohun tí orúkọ yẹn ń sọ kò ju pé Jan ni, Pieter ló bí i. Tí Jan bá bí ọkùnrin tó sọ ní Teunis, Teunis Jansen nìyẹn. Tó bá bí obìnrin tó sọ ní Annetje, Annetje Jans nìyẹn. Pietersen ti parí sórí Jan. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Kí ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ orúkọ bàbá di orúkọ ìdílé, Àjàyí ọmọ Ògúndélé la ń pe ènìyàn, orúkọ Ògúndélé kì í sì í tẹ̀lé àwọn ọmọ Àjàyí lọ síbì kankan.

Lọ́dún 1664 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ tó di New York lọ́wọ́ àwọn ará Họ́lándì. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, díẹ̀díẹ̀, kò sì sí àṣẹ kan ṣoṣo tó mú un dúró. Àwọn kan mú orúkọ ìlú tí bàbá wọn ti wá, àwọn kan mú ti iṣẹ́ ọwọ́, àwọn mìíràn mú orúkọ bàbá bó ṣe wà. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà lè jẹ́ orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo ìdílé Martin Van Buren, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1837, tó sì jẹ́ èdè Họ́lándì ló kọ́kọ́ sọ nílé. Cornelis Maessen, ọmọ Maes, ará Buurmalsen, tó dé lọ́dún 1631, ni bàbá ńlá wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni "Van Buren", ìyẹn ará Buren, ìlú kan nítòsí Buurmalsen, ti wá dúró. Ẹni tó bá ń wá Cornelis Van Buren nínú ìwé ọdún 1631 máa wá a tì.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ mú ọmọ Jan tí ìwé ìyá ọkọ yín dárúkọ, ẹ wá ìsàmì ọmọ yẹn. Ìjọ Dutch Reformed, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì àwọn ará Họ́lándì, ti Kingston bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1659, ìwé ìsàmì àti ti ìgbéyàwó wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 1660. Roswell Randall Hoes tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lọ́dún 1891, ó sì to orúkọ àwọn ènìyàn sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive. Ti ìlú New York fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1639, òun náà sì ti jáde ní títẹ̀.

Nínú ìwé ìsàmì, ohun mẹ́rin lẹ máa rí: ọjọ́, àwọn òbí, ọmọ, àti àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ má sáré wo orúkọ bàbá. Orúkọ ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí pé obìnrin Họ́lándì kì í ju orúkọ ti bàbá rẹ̀ sílẹ̀ tó bá wọ ilé ọkọ. Jan Pietersen lè pọ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n Jan Pietersen tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ, Grietje Barents kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó gbogbo ọmọ tí tọkọtaya yẹn sàmì sí ojú ìwé kan, ní títẹ̀léra, pẹ̀lú ọjọ́ wọn.

Àwọn ẹlẹ́rìí ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Àwọn tí wọ́n ń pè wá dúró ti ọmọ lọ́jọ́ ìsàmì kì í sábà jẹ́ aládùúgbò lásán. Òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọkọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sábà ń jẹ́, láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó yọjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ẹ bá rí "huisvrouw van" tàbí "h.v." lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan, ìyàwó lágbájá ni wọ́n ń wí. Ká ní Barent kan dúró ti ọmọ kejì, tí ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí Barentsen dúró ti ọmọ kẹrin, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí bàbá Grietje àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí i padà: ibo ni Jan fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ọmọ ẹlòmíràn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ibí yìí rárá. Bàbá ọmọ yẹn tàbí ìyá rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá Jan, kí ìwé tirẹ̀ sì jẹ́ èyí tó sọ ìlú tí gbogbo wọn ti wá.

Orúkọ àwọn ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Àṣà wọn ni pé kí àwọn ọkùnrin àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ bàbá bàbá àti bàbá ìyá wọn, kí àwọn obìnrin àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ìyá àgbà. Tí ọmọ kan bá kú, wọ́n á tún fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tí wọ́n bí tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá rí Pieter méjì lábẹ́ tọkọtaya kan, ẹ má rò pé àṣìṣe akọ̀wé ni. Ó ṣeé ṣe kí àkọ́kọ́ ti kú. Tí opó bá tún lọ́kọ, ọkùnrin tó kọ́kọ́ bí fún ọkọ tuntun sábà máa ń jẹ́ orúkọ ọkọ tó kú, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Àṣà ni gbogbo èyí, kì í ṣe òfin. Ó lè tọ́ yín sọ́nà, kò lè dá ẹ̀rí jẹ́.

Ìwé ìgbéyàwó ló ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá. "J.m. van Utrecht" túmọ̀ sí àpọ́n, ọmọ Utrecht, "j.d." ni wúńdíá, "wed." ni opó tàbí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Màá mú ọ̀kan tó kan àwa adúláwọ̀ fún yín. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1641, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ ní New Amsterdam, tó di New York lónìí, pé Anthony van Angola, tí ìyàwó rẹ̀ Catalina van Angola ti kú, fẹ́ Lucie d'Angola, opó Laurens van Angola. Ìlà kan péré nìyẹn. Ènìyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgbéyàwó mẹ́ta, ikú méjì àti ilẹ̀ tí wọ́n kó wọn ti wá. Ìlà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá fún Jan àti Grietje.

Tí ẹ kò bá rí wọn ní Kingston, ẹ má sọ pé kò sí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àlùfáà wà nílùú. Ibi tí àlùfáà bá wà ni àgbẹ̀ ń gbé ọmọ lọ, ọmọ náà sì lè ti pé oṣù mélòó kan. Ẹ wo New York, Bergen àti Hackensack ní New Jersey, àti Albany. Ti Albany kò lè ràn yín lọ́wọ́ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1683, torí ìwé ìsàmì tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò lọ sẹ́yìn ju ọdún yẹn lọ. Ti Schenectady, ìlú kan nítòsí Albany, burú jù. Ní oṣù kejì ọdún 1690, àwọn Faransé àtàwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn kọlu ìlú náà lóru, wọ́n dáná sun ún, wọ́n pa àlùfáà Petrus Tesschenmaeker. Ọdún 1694 ni ìwé tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn ọmọ ìjọ. Ẹni tó ti ìjọ mìíràn wá máa ń mú ìwé ẹ̀rí dání, akọ̀wé á sì kọ "met attestatie van" pẹ̀lú orúkọ ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lè gbé yín kọjá òkun. Ní Họ́lándì lọ́hùn-ún, ìjọ ló ń kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú títí di 1811, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà lórí WieWasWie, ìkànnì ìtàn ìdílé àwọn ará Họ́lándì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé àkójọ ìwé ìlú Amsterdam ní àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó láti 1565 sí 1811: ọjọ́ orí, ìlú, àdúgbò, bóyá bàbá àti ìyá wà láàyè, nígbà míràn ìfọwọ́sí ọkọ àti ìyàwó fúnra wọn.

Ní ti ìdílé ọlọ́lá yẹn, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìwé ìjọ wo ló so Jan ti Kingston mọ́ Jan ti Amsterdam? Tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé orúkọ wọn bára mu, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ dó síbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Họ́lándì. Àwọn ará Jámánì, Norway àti Faransé wà láàárín wọn, ìjọ kan náà ni wọ́n sì ń lọ.

Tí ẹ bá ti rí orúkọ ìyá àwọn ọmọ náà, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo ẹlẹ́rìí bí akọ̀wé ṣe kọ wọ́n gan-an. Ẹ má tún sípẹ́lì wọn kọ o.