Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Èwo nínú èrò géèmù wa ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwa márùn-ún la wà nínú ẹgbẹ́ kan ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù, l'Abẹ́òkúta níbí. Olùkọ́ wa fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ká fi gbé géèmù kékeré kan tó ṣeé gbá wá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ti ń jiyàn. Ẹnì kan fẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù, ẹnì kan fẹ́ kí mọ́tò máa sáré láti Kútọ̀ dé Pànṣẹ́kẹ́, ẹnì kan ní ogun Dàhómì ló yẹ ká ṣe, èmi fẹ́ ohun tó jẹ mọ́ àdìrẹ. Ẹnì karùn-ún wa ò tíì sọ nǹkan kan. Láptọ́ọ̀pù méjì péré la ní, iná ò sì dúró. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ wa. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ibi tí ẹ wà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi oṣù kan ṣòfò.

Bọ́ọ̀lù, mọ́tò, ogun, àdìrẹ: orúkọ nǹkan lásán nìwọ̀nyí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì di géèmù, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn yín ò fi lè tán. Ohun tó ń sọ nǹkan di géèmù ni iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a ń ṣe, àti ìpinnu tó gbọ́dọ̀ ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ síbẹ̀. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kó gbogbo ọmọ inú ihò kan, kó o máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, ihò wo ni kí n kó? Ìbéèrè yẹn ló ń mú àwọn àgbà jókòó ti ọpọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, òun náà ló sì ń ya ọ̀ta sọ́tọ̀ lára òpe.

Nítorí náà, ẹ dá àríyànjiyàn dúró ná. Kí kálukú mú ìwé àti bírò, kó lọ jókòó lọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí fóònù wà nínú àpò. Kí ó máa kọ gbólóhùn irú èyí: "Ẹni tó ń gbá a fẹ́ ṣe báyìí, àmọ́ nǹkan báyìí ń dí i lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ yan èyí tàbí ìyẹn." Kí ó kọ mẹ́wàá, ì báà jẹ́ radaràda. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ka gbogbo rẹ̀ síta, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò dáa títí tẹ́ ẹ fi máa kà á tán. Ẹnì karùn-ún yín tí kò tíì sọ̀rọ̀ ni mo ń rò tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn márùn-ún bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹni tóhùn rẹ̀ lọ sókè ló ń borí, èrò tó dáa jù sì lè wà lọ́wọ́ ẹni tó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn èrò yín dán an wò. Bọ́ọ̀lù tó ní agbábọ́ọ̀lù 22 kò ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́jọ, àmọ́ pẹnáńtì ṣeé ṣe: ẹni tó fẹ́ gbá a yan ọ̀nà kan, gólì náà yan ọ̀nà kan. Mọ́tò tó ń sáré ní tirẹ̀, mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Bí táyà ṣe ń yí àti bí mọ́tò ṣe ń gbún nǹkan nìkan á gba gbogbo àkókò yín.

Ogun Dàhómì tí wọ́n gbé wá bá Ẹ̀gbá lọ́dún 1851, ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì lójú pápá ti ju agbára yín lọ. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo dípò wọn: aṣọ́nà kan lórí àpáta Olúmọ, ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bolẹ̀. Ó ń rí òjìji tó ń bọ̀ lókèèrè. Ṣé oníṣòwò ni àbí ọ̀tá? Bó bá tètè lu agogo nígbà tí kò sí ewu, ará ìlú á sá kúrò nídìí iṣẹ́ lásán, wọn ò sì ní tètè gbà á gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá pẹ́ jù, ọ̀tá ti wọlé. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni géèmù yìí ní, mo sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó ń gbá a á máa lù kìkì.

Àdìrẹ ló wù mí jù, torí pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ní òfin. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ẹ̀kọ láfún bá bò, aró kì í wọ ibẹ̀. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró elú máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, bí wọ́n bá sì ṣe rì í bọ̀ ọ́ tó ló ṣe máa dúdú tó. Ẹ ya àpótí 16 sórí ìwé, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ẹ fi bátánì kan han ẹni tó ń gbá a, kó ṣe irú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kó sì rì í. Àpótí tó bá bò kó tó rì í rárá á dúró ní funfun. Èyí tó bá bò lẹ́yìn ìrìbọ àkọ́kọ́ á jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí kò bò rárá á dúdú. Ẹ̀kọ tó bá ti gbẹ kò ṣeé ṣí títí iṣẹ́ á fi parí.

Bó ṣe wà yìí, ó ti rọrùn jù, ẹni tó bá lójú á kàn dà á kọ ni. Ẹ wá fi òfin kan kún un: ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń kùn ún ń bo àpótí méjì tó fara kanra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀kọ tó ní kò sì ju kíkùn mẹ́fà lọ. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo nǹkan yí padà. Funfun kan ṣoṣo tó dá wà kò ṣeé ṣe mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ṣeé ṣe, torí ó lè fi ìyẹ́ náà tẹ funfun tó ti bò tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ó di dandan kó ro ìparí kó tó fọwọ́ kan ìbẹ̀rẹ̀. Géèmù ti dé nìyẹn, ẹ ò sì tíì tan láptọ́ọ̀pù.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka àìsí iná sí ìdíwọ́ ńlá. Orí ìwé ni kẹ́ ẹ lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ṣe èrò mẹ́ta tó dáa jù, ẹ fún àwọn tí kò sí ní kíláàsì yín gbá. Ẹ má ṣàlàyé fún wọn ju òfin lọ, ẹ panu mọ́, kẹ́ ẹ máa wo ojú wọn. Èyí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tún un tò ká tún gbá a, òun ni kẹ́ ẹ mú. Lọ́dún 1984 tí Alexey Pajitnov ṣe Tetris, géèmù tí wọ́n ti ń to ègé tó ń já bọ́, ní Moscow, kọ̀ǹpútà Elektronika 60 tó lò kò lè ya àwòrán. Àmì ìkọ̀wé ló fi to àwọn ègé náà, géèmù náà sì dùn bẹ́ẹ̀.

Bó bá wá kan kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, tí wọ́n gbé jáde ní yunifásítì MIT, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ àṣẹ sí lẹ máa tò lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní tẹ kóòdù. Ọ̀fẹ́ ni Godot náà, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, bí ẹnì kan nínú yín bá ti mọ kóòdù díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé wọn sórí láptọ́ọ̀pù tán, wọn ò nílò dátà mọ́. Kí ẹni méjì jókòó ti láptọ́ọ̀pù, kí ẹnì kan máa ya bátánì, kí ẹnì kan fi fóònù gba ohùn, kí ẹnì kan máa kó èèyàn wá dán an wò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ má fi nǹkan tuntun kankan kún un, èyí tó bàjẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe.

Tó bá jẹ́ àdìrẹ lẹ padà mú, ẹ lọ sí ọjà àdìrẹ Ìtòkú kẹ́ ẹ tó ya bátánì kankan. Ẹ kí àwọn ìyá aládìrẹ dáadáa, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní ohun tó máa ń ba aṣọ jẹ́ jù lọ. Ìdáhùn wọn ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpele kejì.