Ṣé kí n fi PES sílẹ̀ fún eFootball?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, PES 2021, géèmù bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, la ṣì ń gbá ládùúgbò wa. Ṣé ká bọ́ sórí eFootball tó rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ má tíì pa PES tì o. Nígbà tí Konami, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù méjèèjì, gbé eFootball 2022 jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 9 péré ló wà níbẹ̀. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ jọ ti èèyàn! Konami fúnra wọn tọrọ àforíjì, oṣù Kẹrin 2022 ni àtúnṣe gidi tó dé. Ó ti sàn díẹ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ Master League tí wọ́n yọ, níbi téèyàn ti ń tọ́ ọmọdé agbábọ́ọ̀lù títí yóò fi di ìràwọ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí wọra.