Bẹ̀nẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: alẹ́ ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má ka ọjọ́

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ̀yin àti ìyàwó yín gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù Kẹwàá, Ìkòròdú lẹ ti máa gbéra, ẹ ò sì dé Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ rí. Ẹnì kan ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó, torí pé orílẹ̀-èdè kékeré ni. Ẹlòmíràn ní kẹ́ ẹ fi Lomé àti Accra kún un kí owó ọkọ̀ má bàa ṣòfò. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Òwò aṣọ ló sọ mí di ẹni tó ń ná ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń mú ẹbí àti ọ̀rẹ́ dání lọ. Alẹ́ mẹ́fà ni tèmi. Kẹ́ ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù sinmi nílé kẹ́ ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Alẹ́ ni mo wí o, mi ò wí ọjọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba bodè kọjá kì í ṣe ọjọ́ ìgbafẹ́. Láti Èkó dé Kútọnu ò ju nǹkan bíi kìlómítà 120 lọ, àmọ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lójú ọ̀nà Badagry lè jẹ ìdajì àárọ̀ yín, kẹ́ ẹ tó wá débi tí ibùdó àyẹ̀wò ti ń tẹ̀ léra wọn. Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ máa tò kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde sínú ìwé ìrìnnà yín, ẹ tún máa tò kí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lu tiwọn. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wá. Ẹ ṣì máa ṣẹ́ náírà sí séfà. Ẹni tó kúrò nílé láago mẹ́fà àárọ̀ lè má gbé báàgì kalẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì títí aago mẹ́ta ọ̀sán fi lù, oúnjẹ àti oorun nìkan ló sì máa kù tó ń wù ú. Ọjọ́ àbọ̀ ò yàtọ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lò yẹn, ẹyọ ọjọ́ kan péré lẹ máa rí lò.

(Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́kadà kankan fi ọ̀nà ẹ̀bùrú gbé yín kọjá nítorí àtitètè dé. Ọmọ ECOWAS ni wá, ó lẹ́tọ̀ọ́ ká lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ láìgba físà, kí ló wá dé tẹ́ni tí kò jalè á fi sá fún òǹtẹ̀?)

Ibi tí wọ́n sábà máa ń fojú kéré ni Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Òun gan-an ni olú-ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba wà. Àwọn tó ń to ìrìn-àjò fún òyìnbó kì í fún un ju wákàtí bíi mélòó kan lọ: ẹ wo ààfin Honmè, ẹ ya fọ́tò mọ́ṣáláṣí ńlá, ẹ wọkọ̀, ó tán. Fún òyìnbó, ó lè tán lóòótọ́. Ní tiyín, ẹ kàn máa kí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà ni, ìyá á dáhùn ní Yorùbá, á bi yín pé ìlú wo lẹ ti wá, á ní ará Ọ̀yọ́ ni bàbá tó bí bàbá òun, á pe aládùúgbò ẹ̀ pé kó wá wo àwọn ará ilé. Àárọ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní kábàámọ̀ ẹ̀. Kò sí ìwé ìrìn-àjò tó ń ṣírò irú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, torí kì í ṣe àwa ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mọ́ṣáláṣí tí mo dárúkọ yẹn náà ń fẹ́ kéèyàn dúró wò ó dáadáa. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ ló fi ọgbọ́n ilé kíkọ́ tiwọn kọ́ ọ, ojú ẹ̀ sì jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ìpínlẹ̀ Bahia lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó á rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé kan náà ni. Bí ìyàwó yín bá fẹ́ràn iṣẹ́ oko, oko Songhai tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 á gba àárọ̀ kan lọ́wọ́ yín. Alẹ́ méjì ni kẹ́ ẹ sùn ní Àjàṣẹ́, ó kéré tán.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà dé: ṣé Kétu (ti Bẹ̀nẹ̀ o, kì í ṣe t'Èkó) ni àbí Abomey? Ẹ mú ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ fún méjèèjì pọ̀ mọ́ alẹ́ mẹ́fà, inú ọkọ̀ ló máa ti lo ìsinmi. Abomey ní ààfin àwọn ọba Dàhómì, tí UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti 1985, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù tuntun níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ohun tó ṣí kẹ́ ẹ tó lọ. Ohun ọ̀ṣọ́ ààfin 26 tí Faransé dá padà ní 2021, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ. Èmi, Kétu ni màá mú. Ẹ máa gba Sakẹtẹ àti Pobẹ lọ, Yorùbá lẹ máa gbọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ wo Akaba Ìdènà, ẹnu odi ìlú àtijọ́, kẹ́ ẹ sì rántí pé àwọn ọmọ ogun Dàhómì tú ìlú náà ní 1886, àwọn èèyàn ẹ̀ sì tún padà wá tẹ̀ ẹ́ dó. Orúkọ Kétu yìí náà ni ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Bahia ń jẹ́ títí dòní. Ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọjà lápá ibẹ̀ ṣì jẹ́ ọjà ọrọọrún, ìdí mìíràn tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta kò tó nìyẹn: ẹni tó bá yára bẹ́ẹ̀ lè máà bá ọjà ìlú kankan pàdé.

Alẹ́ mẹ́ta tó kù, Kútọnu. Ọjọ́ kan fún Ouidah, ìlú tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun láyé àtijọ́, nǹkan bíi kìlómítà 40 síbẹ̀, ẹ lọ kẹ́ ẹ bọ̀. Ìdajì ọjọ́ fún Ganvié, ìlú orí omi Nokoué. Abomey-Calavi lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi, òjò oṣù Kẹwàá á sì ti mú kí omi kún dáadáa. Ère obìnrin ológun tó ga ní mítà 30, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti rí i. Nǹkan máa ń falẹ̀ ní Kútọnu ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí Fọ̀n àti Faransé lẹ máa fi náwó, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sì máa ń tì fúngbà díẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ní ti Lomé àti Accra: bodè mẹ́ta ni lálọ, Sẹ̀mẹ̀, Hilakondji, Aflao, mẹ́ta náà sì ni lábọ̀. Ẹ wo ohun tí mo sọ pé bodè ẹyọ kan ṣoṣo ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Apá àríwá Bẹ̀nẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀ ná. Natitingou lé ní kìlómítà 500 sí Kútọnu, ètò ààbò ò sì fararọ lápá Pendjari, igbó ọba tí wọ́n ti ń wo ẹranko. Ẹni tó bá kàn fẹ́ ra aṣọ, kó jẹ ẹja yíyan àti àmìwó, òkèlè àgbàdo wọn, létí òkun, kó sì padà sílé, ọjọ́ mẹ́ta tó o gan-an, mi ò bá a jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kẹ́ ẹ gbéra, kẹ́ ẹ sì padà lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ má bàa kó sáàárín èrò òpin ọ̀sẹ̀ ní bodè. Ẹ fi Tokpa, ọjà ńlá Kútọnu, sí ọ̀sán tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ má bàa máa gbé ẹrù aṣọ dé Kétu. Kí ìyàwó yín sì ra ìwọ̀nba tó jọ ti ẹni tó fẹ́ rán an wọ̀, torí tó bá ti pọ̀ jù, aṣọ́bodè máa fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ni.